Àjàyí Ọmọ Òṣoògùn: Ẹni Tí Ó Tẹ́tí sí Ẹlẹ́sìn Mìíràn

Ní Allen Avenue ní Ìkẹjà, níbi tí báńkì, ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ àti ilé ìtura ti tò lọ bẹẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti ọmọ awo jọ ń rìn pọ̀ ni. Wọ́n jọ ń rà, wọ́n jọ ń tà, wọ́n sì jọ ń sọ èdè kan náà. Bí ó bá di ọjọ́ Ìsinmi, oníwàásù a gbé ohùn sókè, a dárúkọ wòlíì àti àlùfáà, a sì sọ̀rọ̀ nípa ẹbọ àti ètùtù. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó máa ń bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti wá. Wòlíì, àlùfáà àti ìwàásù, ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ni Yorùbá ti gbà wọ́n. Ẹbọ àti ètùtù, ẹnu àwọn oníṣẹ̀ṣe ni wọ́n ti jáde. Inú Bíbélì Yorùbá ni gbogbo wọn ti pàdé ara wọn, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ sì pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ náà ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn.

Ó lè ṣe àwọn kan ní kàyéfì pé bíṣọ́ọ̀bù ni ìwé ètò ọdún Ifá ń sọ ìtàn rẹ̀. Crowther kò gba Ifá gbọ́. Ó lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún láti rọ àwọn ènìyàn kí wọ́n fi òrìṣà sílẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n ń jókòó ti ẹlẹ́sìn mìíràn láti gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó sọ tiwọn kò pọ̀ nínú àwọn oníwàásù ìgbà náà, òun sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Ibi tí ó ti gbọ́ dáadáa, gbogbo Yorùbá ni ó ń jèrè rẹ̀ títí di òní. Ibi tí etí rẹ̀ ti di, a ṣì wà lẹ́nu gbèsè náà. Ìdí nìyí tí ìtàn rẹ̀ fi kan awo, tí ó sì kan ọ̀gbẹ̀rì.

Ọmọ tí Ifá kò fi fún òrìṣà kankan

Ní nǹkan bí ọdún 1806 sí 1809 ni a bí Àjàyí ní ìlú Òṣoògùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Orúkọ àmútọ̀runwá ni orúkọ rẹ̀: ọmọ tí ó bá dojú bolẹ̀ nígbà tí ó ń wá sáyé ni à ń pè ní Àjàyí. Ahunṣọ ni baba rẹ̀. Afala ni orúkọ ìyá rẹ̀.

Àwọn tí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sọ pé nígbà tí ó wà ní ọmọdé, àwọn òbí rẹ̀ tọ babaláwo lọ, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ayé ìgbà náà, kí wọ́n lè mọ òrìṣà tí ọmọ náà yóò máa bọ. Èsì tí babaláwo fún wọn kò jọ èyí tí wọ́n ń retí. Ó ní a kò gbọdọ̀ fi ọmọ náà fún òrìṣà kankan, nítorí Olódùmarè fúnra rẹ̀ ni yóò máa sìn. Wọ́n tún ròyìn pé nígbà tí iná jó ilé baba rẹ̀, ọmọdé náà kó wọ inú ilé, ó sì gbé àwọn ohun ìbọ baba rẹ̀ jáde kí iná má baà jó wọn.

Ohun tí babaláwo Òṣoògùn náà ṣe tó ohun tí a ń ronú lé. Ọ̀rọ̀ tí ó jáde lójú ọpọ́n kò fi ẹnì kan kún agbo olórìṣà, kò sì mú èrè kankan wá fún awo. Ó lè pa á mọ́, ó sì lè yí i padà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ bí Ifá ti sọ ọ́, àwọn òbí ọmọ náà sì gbà á. Ìtàn Àjàyí bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ awo kan tí ó gbọ́ ohun tí kò bá ti ilé rẹ̀ mu, tí ó sì jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Ogun, oko ẹrú àti orúkọ tuntun

Ní ọdún 1821, ogun dé bá Òṣoògùn. Fúlàní àti àwọn Mùsùlùmí ará Ọ̀yọ́ ni ó pọ̀ nínú ọmọ ogun náà, pẹ̀lú àwọn ẹrú tí ó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Wọ́n sun ìlú náà, wọ́n sì kó tọmọdé tàgbà ní ìgbèkùn. A mú Àjàyí, a mú ìyá rẹ̀, a sì mú àwọn àbúrò rẹ̀. Baba rẹ̀ gbìyànjú láti gbà wọ́n là, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí òun náà fi kú sójú ogun mìíràn.

Láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ń ta Àjàyí. Nígbà kan, ẹṣin ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n mú un dé Èkó, wọ́n sì tà á fún àwọn Potogí tí ń ra ẹrú. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin, èyí tí òyìnbó ń pè ní April, ọdún 1822, ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé e ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò ní èbúté ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbá a mú. Wọ́n gbé àwọn ẹrú náà lọ sí Sàró, wọ́n sì sọ wọ́n di òmìnira. Inú oṣù kẹfà ọdún náà ni Àjàyí fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Freetown.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n fi í sí. Ó mọ ìwé kíákíá. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825, a ṣe ìrìbọmi fún un, a sì fún un ní orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Samuel Crowther. Ní ọdún 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay. Ìyàwó tí ó fẹ́, Susan, tí orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń jẹ́ Asano, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú gẹ́gẹ́ bí òun náà.

Ìlú tí onírúurú ènìyàn kún ni Freetown ìgbà náà. Àwọn Yorùbá tí ó wà níbẹ̀, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Akú, pín sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan di Kìrìsìtẹ́nì, àwọn kan jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn kan sì di òrìṣà tí wọ́n bá wáyé mú ṣinṣin. Àṣà àwọn míṣọ́nnárì ni láti bá Mùsùlùmí jiyàn, kí wọ́n sì sọ fún un pé irọ́ ni ẹ̀sìn rẹ̀. Iyàn náà a máa gbóná, ṣùgbọ́n kì í so èso. Ẹni tí a bú ẹ̀sìn rẹ̀ kì í gbọ́ ohun tí ó bá tẹ̀lé èébú náà. Ọ̀nà yìí ni Crowther bá nílẹ̀, ìgbà tí ó sì fi mọ̀ pé kò ṣàǹfààní gùn. Ẹ̀kọ́ gbígbọ́ kì í ṣe ohun tí a fi kọ́ ọ ní ilé ìwé. Ìrìn àjò, iṣẹ́ èdè àti ọjọ́ orí ni ó kọ́ ọ.

Etí tí ó kó èdè jọ

Ní ọdún 1841, Crowther bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì rin ìrìn àjò lórí odò Ọya. Ọ̀pọ̀ òyìnbó tí ó lọ ni ibà pa. Ohun kan tí ìrìn àjò náà fi hàn ni pé ẹni tí kò gbọ́ èdè àwọn ènìyàn kò lè bá wọn sọ̀rọ̀ tí yóò wọ̀ wọ́n lára. Ní ọdún 1843, wọ́n fi í jẹ oyè àlùfáà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún náà gan-an ni a tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ́kọ́ ṣe. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 1844, ó fi èdè Yorùbá ṣe ìsìn ní Freetown. Àwọn kan wá síbẹ̀ láti gbọ́ bí a ṣe lè fi èdè ìyá ẹni bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó dé Àgbádárìgì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1845, ó sì wọ Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846. Kò tíì lo oṣù kan níbẹ̀ tí ó fi rí ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ogun ti yà wọ́n. Ìyá àti ọmọ wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò sì lè jáde lẹ́nu wọn. Obìnrin náà ti ń bọ òrìṣà ilé rẹ̀ láti ìgbà èwe. Ọmọ rẹ̀ kò lé e jáde, kò sì fi ìbínú fa ìgbàgbọ́ tirẹ̀ lé e lórí. Ó gbé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ kí ó tó ṣe ìrìbọmi ní oṣù kejì ọdún 1848, tí a sì sọ ọ́ ní Hannah.

Ní Abẹ́òkúta, iṣẹ́ ńlá méjì ni Crowther dì mú: ìwé atúmọ̀ èdè àti ìtumọ̀ Bíbélì. Kò sí èyí tí a lè jókòó sínú yàrá ṣe nínú méjèèjì. Bí ó ti mọ Yorùbá tó, ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú, ó sì lo ohun tí ó lé ní ogún ọdún ní ìlú òkèèrè. Nítorí náà, ó wá àwọn àgbà lọ, àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ rẹ̀. Ó ń bá wọn jíròrò, ó ń fetí sí bí wọ́n ṣe ń pa òwe, bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ikú, ẹ̀ṣẹ̀, ẹbọ àti orí. Ọ̀rọ̀ tí ó bá sì ta á létí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé tí ó jáde ní ọdún 1852 kún fún òwe tí ó fi ṣe àpẹẹrẹ ìlò ọ̀rọ̀, débi pé bíṣọ́ọ̀bù Vidal ti Sàró, tí ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà, fi ìyìn gidi fún ọgbọ́n tí ó wà nínú àwọn òwe Yorùbá.

Nínú Bíbélì, níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹni tí Ọlọ́run rán níṣẹ́, ó lo ọ̀rọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ti jẹ́ kí Yorùbá mọ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan ètùtù fún ẹ̀ṣẹ̀, ó lo ọ̀rọ̀ àwọn tí ń ṣe ètùtù. Níbi tí ọ̀rọ̀ sì ti kan Ọba tí agbára rẹ̀ kò lópin, orúkọ tí babaláwo ń pè, Olódùmarè, ni ó lò. Òun nìkan kọ́ ni ó ṣe ìtumọ̀ náà. Thomas King àti àwọn mìíràn kópa nínú rẹ̀, àwọn ọdún 1880 sì ni odidi Bíbélì tó parí. Ṣùgbọ́n etí Crowther ni òpó tí iṣẹ́ náà fara tì. Ó gbà pé àwọn tí kò bá òun sin Ọlọ́run ní ọ̀nà kan náà ti mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa Ọlọ́run kí òun tó dé.

Ní ààfin Ìlọrin

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní kàtídírà Canterbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni adúláwọ̀ tí ó kọ́kọ́ jẹ oyè náà nínú ìjọ Áńgílíkà. Agbègbè odò Ọya ni a fi sí abẹ́ rẹ̀, apá kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ọba Mùsùlùmí ń ṣàkóso.

Ẹ rántí ìtàn rẹ̀. Mùsùlùmí wà nínú àwọn tí ó sun ìlú rẹ̀. Nítorí ogun wọn ni ó fi di aláìníbaba àti ẹrú. Bí ó bá fẹ́ láti kórìíra wọn títí ayé, ta ni yóò bi í ní ìdí? Ohun tí ó ṣe yàtọ̀. Ó bá Màsába, ọba Núpé ní Bídà, ṣe ọ̀rẹ́, ọba náà sì gbà á láyè láti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ rẹ̀.

Láti ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1871 sí ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 1872, Crowther gba orí ilẹ̀ láti Lọ́kọ́ja lọ sí Bídà, ó sì ti ibẹ̀ gba Ìlọrin lọ sí Èkó. Ní Ìlọrin, níbi tí agbára Fúlàní fi ṣe ibùdó ní ilẹ̀ Yorùbá, ó jókòó ní ààfin níwájú ọba àti àwọn tí ó yí i ká. Wọ́n bi í ní ìbéèrè nípa ẹ̀sìn rẹ̀. Ó mú Bíbélì Yorùbá lọ́wọ́, ó sì ń ka ìdáhùn jáde láti inú rẹ̀. Kò bú Ànábì, kò sì sọ pé irọ́ ni Kùránì. Níbi tí ìwé méjèèjì ti fi ẹnu kò, ibẹ̀ ni ó máa ń gbà wọlé nígbà tí ó bá ń bá Mùsùlùmí sọ̀rọ̀: pé wúńdíá ni ó bí Jésù, pé áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì ni ó jẹ́ iṣẹ́ náà, pé ẹni ńlá ni Jésù lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ìbéèrè tí wọ́n bá bi í, kì í ju ìyẹn nù. Ó ń kọ wọ́n sílẹ̀, ó sì ń kọ ìdáhùn tí ó fún wọn.

Èrò tí ó dì mú ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni pé kí oníwàásù yéé jà fún ìwé mímọ́, kí ó jẹ́ kí ìwé náà sọ tẹnu ara rẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ rọ̀. Kìrìsìtẹ́nì ni ó bá wọ ààfin Ìlọrin, Kìrìsìtẹ́nì ni ó sì bá jáde. Àwọn tí ó gbà á lálejò kò fi ẹ̀sìn wọn sílẹ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé tọ̀tún tòsì mọ ohun tí ẹnìkejì gbàgbọ́ láti ẹnu ẹni tí ó gbà á gbọ́, kì í ṣe láti ẹnu ọ̀tá rẹ̀.

Ibi tí etí ti di

Òtítọ́ kan wà tí ìyìn kò gbọdọ̀ bò mọ́lẹ̀. Nínú Bíbélì Yorùbá, orúkọ tí a fi fún ọ̀tá Ọlọ́run, ẹni tí ń dán ènìyàn wò láti pa á run, ni Èṣù.

Ẹni tí ó bá ti jókòó ti babaláwo mọ̀ pé èyí kì í ṣe Èṣù. Èṣù kì í bá Olódùmarè jà. Ìránṣẹ́ ni, òun ni àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni ó ń gbé ẹbọ lọ sí ibi tí ó yẹ kí ó dé. Ọ̀rẹ́ Ọ̀rúnmìlà ni. A máa yọ ẹni tí ó kọ̀ láti rúbọ lẹ́nu, a sì máa gbè lẹ́yìn ẹni tí ó rú u. Ó le, a sì máa dá ẹjọ́ tí kò dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n kò sí ìtàn Ifá tí ó sọ pé ó kó ogun ti ọ̀run. Ọ̀rọ̀ mìíràn sì wà ní àrọ́wọ́tó, nítorí Bíbélì Yorùbá kan náà lo Sátánì ní àwọn ibòmíràn.

Báwo ni ẹni tí ó gbọ́ wòlíì, tí ó gbọ́ ètùtù, tí ó gbọ́ Olódùmarè, ṣe ṣi Èṣù gbọ́? Kì í ṣe pé kò sí babaláwo ní Abẹ́òkúta. Ó jọ pé ìdájọ́ ti wà nílẹ̀ kí ìbéèrè tó dé. Àwọn àlejò tí ń wo ojúbọ rẹ̀ ní oríta ti pè é ní ẹni burúkú, àwọn tí ó ti yí ẹ̀sìn padà sì ti bá wọn gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a ti dá lẹ́bi kì í rí ẹni bi í ní tẹnu rẹ̀. Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ yòókù, Crowther wá ohun tí yóò fi sọ ìgbàgbọ́ tirẹ̀, ó sì fi ìfẹ́ gbọ́ wọn. Ní ti Èṣù, orúkọ fún ọ̀tá ni ó ń wá, ohun tí ó sì ń wá ni ó rí.

Ohun tí ó tẹ̀lé e kò kéré. Àwọn ìdílé tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Èṣù, bí Èṣùbíyìí àti Èṣùgbàyí, bẹ̀rẹ̀ sí í tijú orúkọ baba wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yọ Èṣù kúrò, wọ́n fi Olú tàbí Jésù rọ́pò. Ọmọ tí ó bá rí yangí ní ẹnu ọ̀nà ìlú sá fún un. Títí di òní, bí ọmọ awo kan bá sọ ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìkẹjà pé òun ń lọ fi epo rọ Èṣù, ẹni tí ó wà lórí àga kejì lè rò pé ó lọ bá ẹni tí ó ń pa ayé run mulẹ̀. Láti àìpẹ́ yìí ni àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá ti ń sọ ọ́ ní gbangba àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé Èṣù kì í ṣe Sátánì. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti ń tún un ṣe.

Ẹni tí a kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́

Ní ìparí ayé rẹ̀, Crowther fúnra rẹ̀ mọ bí ó ti ń rí kí a dá ènìyàn lẹ́jọ́ láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó kan tí ọjọ́ orí wọn kéré púpọ̀ sí tirẹ̀ dé sí odò Ọya. Wọ́n gbàgbọ́ pé iṣẹ́ tí bàbá náà àti àwọn adúláwọ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ti ṣe kò mọ́ tó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ní ìpàdé kan ní Ọ̀nìṣà, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀, láìka ọ̀rọ̀ tí ó sọ fún wọn sí. Bàbá tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Àìsàn rọpárọsẹ̀ mú un ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi sí ipò rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, nígbà tí ó pé 150 ọdún tí ó jẹ bíṣọ́ọ̀bù, àwọn olórí ìjọ Áńgílíkà péjọ sí Canterbury, wọ́n sì tọrọ ìdáríjì ní gbangba fún ohun tí a ṣe sí i. Ó gba ohun tí ó lé ní ọdún 122 lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí etí tó là sí i. Ẹni tí ó bá ń retí ọjọ́ tí a ó tọrọ ìdáríjì lórí orúkọ Èṣù, kí ó má sọ̀rètí nù.

Ẹ̀kọ́ fún ọdún yìí

Iṣẹ́ babaláwo fúnra rẹ̀, iṣẹ́ etí ni. Ẹni tí ó wá dáfá kì í kọ́kọ́ rojọ́ fún awo. Owó ni ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, a sì gbé owó náà sílẹ̀. Awo kò mọ ohun tí ó wà nínú ẹni náà. Odù ni yóò yọ, awo yóò ki ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹni tí ó wá yóò sì mọ ibi tí ó ti bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Bí awo bá ti fi èrò tirẹ̀ ṣáájú, Ifá kò ní àyè láti sọ̀rọ̀. Ọ̀nà kan náà ni a fi ń gbọ́ ẹlẹ́sìn mìíràn: kí a gbé èrò wa sílẹ̀ ná, kí a jẹ́ kí ó ki ẹsẹ̀ tirẹ̀ tán.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ awo, àwọn àlejò yóò wọlé ní ọjọ́ ọdún. Òmíràn yóò béèrè bóyá Sátánì ni à ń bọ. Ẹ má fi ẹ̀rín dá a lóhùn, ẹ má sì bú Bíbélì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó sọ ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ nípa Èṣù dé òpin, kí ẹ tó sọ ohun tí Ifá sọ. Bí ìpè àdúrà bá dún láti mọ́sáláṣí nígbà tí ìlù ń lọ lọ́wọ́, kí àwọn onílù dẹ ọwọ́ díẹ̀. Ìlù kò ní bàjẹ́. Bí ẹnì kan bá sì ń sọ̀rọ̀ Crowther bí ọ̀tá lásán, ẹ rán an létí pé ọ̀pọ̀ òwe baba wa ni ìwé rẹ̀ ti bá wa tọ́jú, kí ẹ sì rán ẹni tí ó ń yìn ín láìsí àbùkù létí ọ̀rọ̀ Èṣù.

Ẹ̀yin àlejò, yálà ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ ti wá tàbí mọ́sáláṣí, a kò ní kí ẹ fi ìgbàgbọ́ yín sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àjàyí kò fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìlọrin. Ohun tí ọdún yìí ń bẹ̀ yín fún ni kí ẹ bi awo léèrè nípa ohun tí ó jẹ́ ti awo, bí ẹ ó ti fẹ́ kí awo bi yín nípa tiyín. Ẹni tí ó ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní ọ́fíìsì, tí ẹ jọ ń wọkọ̀ ní Allen, tí ẹ jọ ń jẹun ọ̀sán, ó ní ìtàn tí ẹ kò tíì gbọ́ láti ẹnu rẹ̀.

Babaláwo Òṣoògùn gbọ́ ohun tí Ifá sọ nípa ọmọdé kan, ó sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Kí Olódùmarè fún wa ní irú etí bẹ́ẹ̀. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.